Ṣé kí n bọ́ sórí fọ́ìlì, àbí kí n jókòó ti twin-tip mi?

Ìbéèrè tó délẹ̀ rèé lórí káìtì, eré tí aṣọ ńlá tí afẹ́fẹ́ gbé lókè fi ń fa ẹni tó dúró lórí bọ́ọ̀dù lójú omi (twin-tip ni bọ́ọ̀dù tí iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀ jọra, fọ́ìlì ni èyí tó ní ìyẹ́ lábẹ́ tó ń gbé bọ́ọ̀dù kúrò lójú omi), mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Chatham ní Kent, ní England, ni mò ń gbé, Minnis Bay, etíkun kan ní Kent níbẹ̀, ni mo ti máa ń ṣe káìtì. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti wà lórí twin-tip, mo ń fò díẹ̀díẹ̀, mo sì lè padà síbi tí mo ti gbéra. Ṣùgbọ́n tó bá ti di sọ́mà báyìí, afẹ́fẹ́ kì í tó, orí yanrìn ni mo máa ń jókòó sí tí màá máa wo àwọn onífọ́ìlì tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi tó bọ́ sórí ẹ̀, wọn ò padà mọ́. Kí ló wà ńbẹ̀ gan-an? Ṣé ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ṣì lè kọ́ ọ, ó máa pẹ́ tó báwo, kí sì ni màá sọ fún ìyàwó mi tó ní owó tí mo ti ná sórí káìtì ti tó ra ilẹ̀?"

Àbúrò mi, ká kọ́kọ́ yanjú ti ìyàwó ẹ, torí tí yẹn ò bá yanjú, gbogbo ìyókù asán ni. Mi ò ní parọ́ fún ẹ, fọ́ìlì tuntun pẹ̀lú bọ́ọ̀dù ẹ̀ máa gbà ju ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn lọ, tó bá wá jẹ́ carbon, owó náà tún ń gun òkè sí i. Má ra tuntun. Àlòkù aluminium ni kó o wá, ó wúwo díẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó lè gba ìyà, àwọn tó ti kọ́ ọ tán tí wọ́n fẹ́ lọ ra carbon sì máa ń tà á lówó pọ́ọ́kú. Wá ṣàlàyé fún ìyàwó ẹ báyìí pé afẹ́fẹ́ knots 13 (knots la fi ń wọn eré afẹ́fẹ́) tó jẹ́ pé káìtì 14, ìyẹn square metre 14, lo máa nà jáde fún twin-tip, káìtì 9 tó o ti ní nílé lo máa fi gun fọ́ìlì nínú ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, torí náà o lè ta 14 yẹn kó o fi owó ẹ̀ kún ti fọ́ìlì. Mo ti rí ìyàwó tó gbà fún ìṣirò yìí, mo sì ti rí èyí tí ò gbà, ìwọ lo mọ tìẹ. Twin-tip yẹn ńkọ́? Má tà á o. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ní 25, tí omi ń ru gùdù, ìwọ fúnra ẹ lo máa wá a kiri.

Ó dáa, ká wá sọ ohun tó wà ńbẹ̀. Afẹ́fẹ́ kékeré ló ń fa èèyàn lọ sídìí fọ́ìlì, ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ wa gbà débẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń dá wa dúró. Tó bá jẹ́ torí afẹ́fẹ́ kékeré nìkan ni, bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ ńlá kan wà tó lè gbé ẹ lọ nínú knots 11, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Kí ló dé tó fi máa ń tètè sú èèyàn, tó jẹ́ pé ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ wàá bá a lẹ́yìn fìríìjì nínú gáréèjì?

Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ omi ná. Abẹ́ bọ́ọ̀dù ni mast wà, ìyẹn òpó tó gùn lọ sísàlẹ̀, ní ìdí mast ni ọ̀pá kan tó dùbúlẹ̀ wà, ìyẹ́ ńlá wà níwájú ọ̀pá yẹn, ìyẹ́ kékeré wà lẹ́yìn ẹ̀. Omi ki ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800, ìdí nìyẹn tí ìyẹ́ tí gbogbo fífẹ̀ ẹ̀ ò ju pépà A4 méjì lọ fi lè gbé géńdé ọkùnrin kúrò lórí omi. Tí eré ẹ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń gbé ẹ sókè á di ìlọ́po mẹ́rin. (Jọ̀ọ́ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, òun ló máa jù ẹ́ sómi lọ́jọ́ kìíní.) Tí bọ́ọ̀dù bá ti kúrò lómi, omi ò fi bẹ́ẹ̀ fà á sẹ́yìn mọ́, eré á pọ̀ sí i, eré yẹn fúnra ẹ̀ á tún máa dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún káìtì, ìyẹn lo ṣe ń rí wọn tí wọ́n ń sá kọjá níwájú ẹ nígbà tí ewé orí igi ò fi bẹ́ẹ̀ mì. Kì í sì í ṣe àwa oníkáìtì la dá a sílẹ̀ o. Ará Ítálì kan, Enrico Forlanini, ti gbé ọkọ̀ lé irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí adágún Maggiore ní 1906, Alexander Graham Bell tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ tẹlifóònù náà wà nídìí HD-4, ọkọ̀ oníyẹ́ tó sáré ju kìlómítà 110 láàárín wákàtí kan lọ ní Kánádà ní 1919. Àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Etí ni wàá kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Lórí twin-tip, omi ń lu bọ́ọ̀dù pá-pá-pá lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ, orúnkún ń gbà á, eyín ń gbà á, ó ti mọ́ ẹ lára débi pé o ò gbọ́ ọ mọ́. Ọjọ́ tí fọ́ìlì bá kọ́kọ́ gbé ẹ, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́ lójijì, àyà ẹ á sì já, torí ara máa rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Tó o bá wá gbọ́ tí ìsàlẹ̀ ń kùn wùùù bí eré ṣe ń pọ̀, má fòyà, etí ẹ̀yìn ìyẹ́ tàbí ti mast ló ń gbọ̀n nínú omi, àwọn kan máa ń fi sáńpépà tó kúnná ra á díẹ̀ kó lè dákẹ́. Èmi fẹ́ràn ariwo ẹ̀ jàre, ó máa ń sọ eré tí mò ń sá fún mi láìjẹ́ pé mo wo ibì kankan.

Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà á mọ́ ẹ lára tó bá yá. Lójú tèmi, ohun tó ń dá èèyàn dúró ni pé fọ́ìlì kì í jẹ́ kó o pẹ́ ní ipò ọ̀gá. Lórí twin-tip, tó o bá ti mọ̀ ọ́n lọ mọ̀ ọ́n bọ̀ tán, afẹ́fẹ́ ńlá ló kù kó o máa wá kiri kó o lè fò ga sí i, eegun ẹni ogójì ọdún sì ní ibi tó máa ń gbà á dé. Lórí fọ́ìlì, gbogbo ohun tó o bá ti pààrọ̀ ló ń dá ẹ padà sí kíláàsì kìíní: bọ́ sórí ìyẹ́ tó kéré, o di ọmọ tuntun, bọ́ sórí mast tó gùn, o di ọmọ tuntun, lọ síbi tí ìgbì wà kó o jẹ́ kí káìtì kàn máa léfòó lókè kí ìgbì fúnra ẹ̀ máa tì ẹ́ lọ, wàhálà tuntun tún dé. Èmi tí mò ń gbowó kọ́ èèyàn, tack (yíyí tí imú bọ́ọ̀dù ń gba ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ kọjá) tí mò ń ṣe sápá òsì ṣì dáa ju ti apá ọ̀tún lọ dòní, ìyẹn gan-an ló sì ń gbé mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ Sátidé.

Wo àwọn tó wà lókè pátápátá. Òlíńpíìkì 2024 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí káìtì wọbẹ̀, Marseille ni wọ́n ti ṣe é, orí fọ́ìlì sì ni gbogbo wọn wà, pẹ̀lú káìtì tí ti àwọn ọkùnrin lè tóbi tó 23 square metre. Ellie Aldridge ọmọ Britain níbí ló gba góòlù àwọn obìnrin, ọkọ̀ onígbòkun ló ń wà tẹ́lẹ̀ kó tó bọ́ sórí káìtì. Valentin Bontus gba ti àwọn ọkùnrin, ọmọ Austria ni, orílẹ̀-èdè tí ò ní etíkun kankan. Max Maeder ọmọ Singapore tó gba bronze, ọmọ ọdún 17 ni lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ náà sì bọ́ sí August 9 tó jẹ́ ọjọ́ orílẹ̀-èdè wọn, o lè fojú inú wo ariwo tí wọ́n máa pa nílé. Ohun tí mo fẹ́ kó o wò nínú fídíò eré wọn kì í ṣe eré sísá. Wo bí wọ́n ṣe ń yí. Ẹni tí bọ́ọ̀dù ẹ̀ ò kan omi nígbà tó ń yí ló ń jáde síwájú, ẹni tó jábọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, káwọn tó kù ti ré kọjá kó tó gbé káìtì ẹ̀ dìde. Ohun tó ń dààmú wọn lókè ọ̀hún náà ló máa dààmú ìwọ ní Minnis Bay, ti wọn ló kàn yá jù.

Ti ọdún mọ́kànlélógójì, má dá ara ẹ lóhùn. Mo ti kọ́ ẹni tó dàgbà jù ẹ́ lọ dáadáa. Fọ́ìlì ò fẹ́ agbára, ó fẹ́ sùúrù, orúnkún á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ torí omi ò lù ú mọ́. Ibi tó ti lè fìyà jẹ ẹ́ ni ìjábọ́, màá débẹ̀.

Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Ẹni tó bá ti lè fi ọwọ́ kan darí káìtì láìgbójú sókè wò ó, láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lórí omi, á ti máa gbéra fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ díẹ̀. Kó lọ kó bọ̀ láìjábọ́, ó lè gba oṣù kan àbọ̀ tàbí méjì fún ẹni tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Jibe (yíyí tí imú bọ́ọ̀dù ń gba ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ kọjá) tí bọ́ọ̀dù ò ní kan omi rárá, fún ọ̀pọ̀ èèyàn odindi sọ́mà kan ni, ẹlòmíì méjì. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé ọjọ́ kan péré ló máa gbà, ó ní ohun tó fẹ́ tà fún ẹ.

Ohun tó sì máa dá ẹ láàmú jù ni ohun tí twin-tip ti kọ́ ẹ. Ọdún mẹ́ta lo ti fi ń fara tì sẹ́yìn, tó ò ń fi gìgísẹ̀ tẹ etí bọ́ọ̀dù, tí ìwúwo ẹ wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Gbé ìyẹn dé orí fọ́ìlì, imú bọ́ọ̀dù á kọjú sí ọ̀run, wàá sì bá a lọ. Lórí fọ́ìlì, ẹsẹ̀ iwájú ni ọ̀gá. Ìdúró tó o nílò ni ti ẹni tó ru garawa omi: orí ò gbọdọ̀ mì, ìbàdí àti orúnkún ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ohun kan wà tí mo máa ń bá gbogbo èèyàn jà lé lórí: má lọ kọ́ ọ nínú afẹ́fẹ́ kékeré tó o tìtorí ẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ. Knots 12 sí 15 tó ń fẹ́ bákan náà, omi tó pa rọ́rọ́, ìyẹ́ iwájú tó tóbi, mast kúkúrú bíi 60 tàbí 70 sẹ̀ǹtímítà, káìtì tí ìwọ fúnra ẹ ti mọ ìwà ẹ̀. Nínú knots 8, ẹni tí ò tíì mọ̀ ọ́n á jábọ́, káìtì á jábọ́ tẹ̀ lé e, káìtì tó bá sì ti sùn sómi nínú afẹ́fẹ́ tí ò tó, kì í fẹ́ dìde mọ́.

Kó o tó so káìtì mọ́ra rárá, gbé bọ́ọ̀dù wọ omi tó dé ẹ láyà kó o máa yí i. Fi ọwọ́ kan di etí bọ́ọ̀dù mú, fi ìkejì tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì, yí i sósì, yí i sọ́tùn-ún, dà á délẹ̀, tún un gbé dìde. Á jọ eré ọmọdé lójú ẹ. Ọjọ́ tí káìtì bá ń fà ẹ́ lọ, tí mast àti ìyẹ́ ń yọjú lókè omi níbi tó ò ń wá ẹsẹ̀ ẹ kiri, wàá mọ ìdí tí mo fi ní kó o ṣe é.

Wàyí o, gbé káìtì sókè orí, fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú omi, kí bọ́ọ̀dù dúró lórí etí ẹ̀ níwájú ẹ, kí mast nà lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wà lágbègbè ibi tí mast ti so mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ iwájú jìnnà síwájú dáadáa. Jẹ́ kí káìtì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, má jù ú bí o ṣe ń jù ú fún twin-tip, agbára díẹ̀ ló nílò. Bí bọ́ọ̀dù bá ṣe ń tẹ́ pẹrẹsẹ, mast á lọ sísàlẹ̀ fúnra ẹ̀, ìgbà yẹn ni kó o dìde dúró kó o sì gbé gbogbo ara síwájú. Imú bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ máa kan omi. Máa lọ bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀dù lójú omi, kò gbéra, kò yá, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kórìíra apá yìí torí ó ń tì wọ́n lójú, àwọn èèyàn ń wò wọ́n ní etíkun, kò sì sẹ́ni tó ra fọ́ìlì kó lè máa wọ́ lọ lójú omi, ṣùgbọ́n mi ò kí ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá lè dá fọ́ìlì dúró kó má gbéra ló lè ní kó gbéra.

Tó o bá ti lè dì í mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, wá dín ìwúwo ẹsẹ̀ iwájú kù díẹ̀. Má fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ o, kàn jẹ́ kí iwájú fúyẹ́. Bọ́ọ̀dù á yọ kúrò lómi ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kíá, dá ìwúwo padà síwájú kó tún kan omi. Ó gbéra, ó kan omi, ó gbéra, ó kan omi. Rántí ìlọ́po mẹ́rin tí mo ní kó o fi sọ́kàn: bó o ṣe gbéra yẹn, eré á pọ̀, eré tó pọ̀ á tún fẹ́ gbé ẹ sókè sí i, torí náà bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni ẹsẹ̀ iwájú gbọ́dọ̀ máa wúwo sí i, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo èèyàn ti ń ṣubú torí tí ara bá rí i pé òun ń lọ sókè, ẹ̀yìn ló máa ń sá sí. Tó o bá sá sẹ́yìn, ìyẹ́ iwájú á yọ síta lójú omi, á fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, agbára ẹ̀ á kú lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́ọ̀dù á sì yẹ̀ lábẹ́ ẹ láìkìlọ̀. Ojú ńkọ́? Iwájú, ibi tó jìn. Ẹni tó bá ń wo imú bọ́ọ̀dù ti fẹ́ jábọ́ ná.

Tó o bá sì ti mọ̀ pé o ń jábọ́, má gbìyànjú láti gbà á là. Ti bọ́ọ̀dù kúrò lẹ́sẹ̀, jẹ́ kí báà (ọ̀pá tó o fi ń darí káìtì) lọ kí káìtì pàdánù agbára ẹ̀, kó o wá ṣubú sẹ́yìn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tó jìnnà sí fọ́ìlì. Etí ìyẹ́ yẹn mú. Akoto lórí, fẹ́ẹ̀sì tó nípọn láyà, wetsuit tó bo ẹsẹ̀ délẹ̀ kódà tí oòrùn bá ń ràn, mi ò kí ń kọ́ ẹni tí ò bá wọ̀ wọ́n.

Jibe ló kù. Kọ́kọ́ máa ṣe é pẹ̀lú bọ́ọ̀dù lójú omi: yí, pààrọ̀ ẹsẹ̀, gbéra padà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tó bá yá, yí i lókè láìpààrọ̀ ẹsẹ̀, kó o máa bá a lọ pẹ̀lú àyà níbi tí ẹ̀yìn ẹ máa ń wà, èyí máa ń ni èèyàn lára fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn tí yẹn bá dúró ni kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ẹsẹ̀ lókè. Ohun tó ń ba jibe jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ rárá, káìtì ni. Nígbà tó o bá ń yí, ìhà ibi tí káìtì wà lò ń sáré lọ, o ń lé e bá, okùn á rọ̀, káìtì á sì máa ṣubú. Káìtì ni kó kọ́kọ́ yí, bọ́ọ̀dù á tẹ̀ lé e, kí òbìrìkìtì tó o ń fà lómi sì gbòòrò. Ti tack, kọ lẹ́tà sí mi nígbà tí jibe bá ti yanjú, tó o bá pa wọ́n pọ̀ kọ́, méjèèjì á bàjẹ́.

Minnis Bay fúnra ẹ̀ ńkọ́: omi ibẹ̀ máa ń fà lọ jìnnà, òkúta funfun sì wà nísàlẹ̀ láwọn ibì kan. Pẹ̀lú twin-tip, omi tó dé orúnkún tó ẹ. Pẹ̀lú fọ́ìlì, tí mast ẹ bá jẹ́ 70, omi tí ò bá dé ẹ láyà ò tó, torí ìwọ náà máa ṣubú sínú ẹ̀. Wo tábìlì omi, èyí tó ń sọ ìgbà tí òkun máa kún àti ìgbà tó máa fà, kó o tó kúrò nílé, bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, jáde kó tó fà tán. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sójú òkun, máa lọ sílé. Èyí ṣe pàtàkì fún onífọ́ìlì ju ẹnikẹ́ni lọ torí fọ́ìlì lè gbé ẹ lọ jìnnà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ táṣẹ́rẹ́, tí afẹ́fẹ́ náà bá wá kú, kò sóhun tó máa dá ẹ padà bí kò ṣe apá ẹ. Má lọ kọjá ibi tó o lè wẹ̀ padà láti ibẹ̀, kó o sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ká okùn àti káìtì lójú omi láti gba ara ẹni là, kì í ṣe pé o wò ó lórí fídíò, pé o ti ṣe é lómi.

Tó o bá ti ra aluminium yẹn, kí wọ́n fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ síkúrù ẹ̀ kó o tó sanwó, kó o sì tú gbogbo síkúrù níwájú ẹni tó ń tà á. Èyí tí ò bá tú, iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́ mọ́ ara mast nìyẹn, ẹ jọ máa dínwó ni tàbí kó o fi í sílẹ̀ fún un. Tìẹ náà, fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó o bá lò ó, fi gírísì sí ẹnu síkúrù, máa tú u sílẹ̀ lóòrèkóòrè, má jẹ́ kó wà ní títò pọ̀ láti sọ́mà títí di ìgbà òtútù.